Sánmà Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà ló fi ẹ̀rọ kan tó ń wo ojú ọjọ́ ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tí bàbá wa kú. Bàbá wa kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Akọ̀wé oníkòkó ni wọ́n, ṣùgbọ́n láti kékeré wa la ti ń rí agolo mílíìkì òfìfo kan tí wọ́n gbé ka orí òpó ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkirè. Bí òjò bá ti dá, wọn á ti rúlà bọ inú agolo náà, wọn á sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ẹsáísì. Ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tí òun rí ẹ̀rọ yìí nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún, bàbá ló kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn. Nígbà tó sì jẹ́ pé èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, èmi ló fi ránṣẹ́ sí.

Kò tóbi. Ènìyàn lè ká ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ pọ̀ kó gbé e sábíyá lọ síbi tó bá wù ú. Ó ní ife kéékèèké mẹ́ta tí atẹ́gùn ń yí, ó ní àrọ tí òjò ń kán sí, ó ní páńẹ́ẹ̀lì sólà tí kò ju àwo ìjẹun lọ, ó sì ní kámẹ́rà kan tó ń ya sánmà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá ti ya àwòrán tán, síìmù inú rẹ̀ á gbé e lọ sórí péèjì tí ẹ̀gbọ́n mi bá mi ṣí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní fóònù á rí i lójú ẹsẹ̀.

Ilé mi ní Ìkirè ni mo kọ́kọ́ gbé e sí. Kò ṣiṣẹ́. Inú kòtò ni ilé náà wà, ilé alájà yí i ká, nẹ́tíwọ̀kì kò sì dára. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, táǹkì omi aládùúgbò mi ni ẹ̀rọ náà ń yà.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Àpòmù. Àlájà ni gbogbo ayé ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti mọ ara wa tipẹ́tipẹ́ kó tó lọ sí Mẹ́kà. Ilé ìwé àwọn olùkọ́ la ti pàdé. Orí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì kan náà la sùn, òun lókè, èmi nísàlẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó ń ta àwo àti ìkòkò. Mùsùlùmí ni, Aládùúrà ni mí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló kó ẹrù rẹ̀ wá sílé mi, tó ń sùn tì mí, tó ń lọ súùtánà funfun mi bí mo bá fẹ́ lọ sí ìsìn. N kò ní ọmọ ìyá tó jẹ́ obìnrin. Òun ni mo fi ṣe é.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Àlájà ń gbé, dẹ́kì ni wọ́n sì dà sórí rẹ̀ dípò páànù. Bí o bá dúró níbẹ̀, wàá rí sánmà apá Orílẹ̀-Òwu, wàá rí ti Ìkirè, kò sí ohun tó dí ọ lójú. Mo sọ ìṣòro mi fún un.

"Gbé e wá," ó ní. "Ṣé kì í mu gàárì?"

"Kì í mu nǹkan kan."

"Ó dára ju àyálégbé lọ nìyẹn."

Àwa méjèèjì la jọ gbé e gun òkè. A fi bíríkì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ìjì má baà gbé e. Mo fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn án, mo sì fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé sí péèjì náà, nítorí pé nígbà míràn dátà á tán, tàbí kí nẹ́tíwọ̀kì dákẹ́, ó sì yẹ kí ẹnì kan wà nítòsí tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwòrán síbẹ̀. Èmi àti òun nìkan la mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé náà ní gbogbo Nàìjíríà.

Mo rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìkan ni yóò máa wò ó. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn obìnrin tó ń din dòdò Ìkirè fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó kí wọ́n tó dáná níta. Àwọn bíríkìlà ń wò ó kí wọ́n tó po sìmẹ́ǹtì. Awakọ̀ kan rí mi ní gáréèjì lọ́jọ́ kan, ó pariwo pé, "Tíṣà! Your camera no dey lie!" Ẹ̀rín ni mo rín dé ilé. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ nípa òjò àti atẹ́gùn, ẹnikẹ́ni kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí. Ìgbéraga dé díẹ̀díẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí péèjì náà láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Ẹ má fọrùn wo òkè mọ́, ẹ wo fóònù yín." Bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn báyìí, ojú máa ń tì mí.

Lára àwọn tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ni bàbá àgbẹ̀ kan ní Ararọ̀mí-Òwu. Wọ́n á ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Wọn kò mọ fóònù tẹ̀, ìyàwó ọmọ wọn ló ń bá wọn wò ó láràárọ̀ kí wọ́n tó sá kòkó. Wọ́n wá kí mi nílé ìwé lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹni tó ni ojú tó wà lókè Àpòmù. Mo fi wọ́n han gbogbo olùkọ́.

Oṣù Ọ̀wàrà ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nígbà tí kòkó ń jáde tí òjò kò sì tíì fẹ́ lọ. Ìjọba pe àwa olùkọ́ kan sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣogbo, láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn gan-an ni wòlímà ọmọ ọmọ Àlájà, ìyẹn àpèjọ tí wọ́n máa ń ṣe fún ọmọ tó bá ka Kùránì parí. Pápá ìṣeré ilé ìwé kan ní Àpòmù ni wọ́n fẹ́ lò. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé n kò ní í lè bá wọn níbẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n n ó yà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí mo bá ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n fún wa láyè láti mu tíì láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo tan fóònù mi, mo wo péèjì wa. Sánmà mọ́ tónítóní. Ìkùukùu funfun díẹ̀ ló wà níbẹ̀, bí òwú tí atẹ́gùn fẹ́ ká. Inú mi dùn fún ọ̀rẹ́ mi. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé, "Àlájà, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ. Wo sánmà!"

Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Àmín o, ọ̀rẹ́ mi."

Wọ́n ní ká pa fóònù, mo pa á. Nígbà tí mo máa fi tàn án lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti kún inú rẹ̀. Ẹnì kan ní, "Òpùrọ́ tíṣà." Ẹlòmíràn ní òrùlé tí àwọn ṣí láti tún un kàn ni òjò gbà wọlé. Ẹnì kan ya ilẹ̀ ìsákòkó, omi bò ó, kòkó léfòó lórí omi bí ìdọ̀tí. Mo ṣí péèjì wa. Àwòrán sánmà mímọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀, láti Gbọ̀ngán ni ilẹ̀ ti tutù, ẹ̀ka igi sì wó sẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí mo dé Àpòmù, àwọn àga ti dojú dé nínú ẹrẹ̀ lórí pápá yẹn, kánọ́pì kan ti fò lọ há sórí igi máńgòrò. Àlájà wà nínú pálọ̀ rẹ̀, aṣọ wòlímà ṣì wà lára rẹ̀, ó tutù rinrin.

"Ẹ̀rọ rẹ dákẹ́," ó ní. "Àwòrán kan náà ló dì mú láti àná, kò yí padà."

"Yéè! Àwọn èèyàn wá ńkọ́?"

"Wọ́n wá. Pápá kún. Òjò ló tú wọn ká." Ó wò mí. "Ṣùgbọ́n wọ́n wá."

Mo gbà á gbọ́. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ pé kí wọ́n máa béèrè ìdí, n kò béèrè ìdí. Nígbà tí mo wo péèjì náà nírọ̀lẹ́ yẹn, ẹ̀rọ ti ń fi àwòrán tuntun ránṣẹ́, mo sì rò pé ó kàn sojì ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó ọmọ bàbá Ararọ̀mí pè mí. Ó ń sunkún, ó ní òjò ti gbé kòkó bàbá lọ, ṣùgbọ́n kò bú mi. Mo pe Àlájà, mo ní mo fẹ́ lọ tọrọ àforíjì.

"Ìwọ nìkan kọ́," ó ní. "A jọ máa lọ ni. Orí ilé mi ni ẹ̀rọ náà wà."

Mo rántí pé omi bọ́ lójú mi nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, wo ọ̀rẹ́ tí Ọlọ́run fún mi.

A gun ọ̀kadà lọ. Bàbá jókòó síwájú ilé, wọ́n ń ṣa kòkó tó kù nínú ẹrẹ̀ sínú abọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo kòkó tí wọ́n ká lákòókò yẹn ni wọ́n sá síbẹ̀. Omi ti gbé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ lọ sínú odò. Èyí tí wọ́n rí kó padà ti fẹ́ máa bu.

Mo kúnlẹ̀. Àlájà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá, ẹ forí jì wá," mo ní. "Ẹ̀rọ ló bàjẹ́."

Wọ́n gbé abọ́ kòkó náà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, nígbà tí mo jí, mo wo ìlà oòrùn, mo rí i pé ó dúdú. Mo ní ká má sá a. Nígbà tí aago mẹ́jọ kọjá, ìyàwó ọmọ mi yìí wo fóònù, ó ní, 'Bàbá, ó mọ́ ní Àpòmù, yóò mọ́ níbí.' Ojú mi sọ tirẹ̀ fún mi, ojú tiyín ni mo tẹ̀ lé. A sá a, mo bá lọ sóko."

"Ẹ má bínú, bàbá," Àlájà ní. Ó di ẹsẹ̀ wọn mú. "Ẹ̀rọ kò lọ́kàn. Ẹ bá wa fi ṣe àmúwá Ọlọ́run."

Wọ́n ní ká dìde. Wọ́n fún wa lómi mu.

Mo kọ ọ́ sórí péèjì pé ẹ̀rọ náà ní àbùkù, mo sì dá a dúró títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́sẹ̀ yẹn, bí mo bá kọjá níwájú gáréèjì, awakọ̀ ọjọ́sí á yọ orí, á ní, "Tíṣà, shebi rain go fall today?" wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Nínú yàrá àwọn olùkọ́ pàápàá, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àlájà ń wá sọ́dọ̀ mi. Ó gbé mọ́ínmọ́ín wá, ó jókòó tì mí lórí àga, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," ó ń sọ bẹ́ẹ̀. "Má fi pa ara rẹ. Ohun tí òyìnbó ṣe ni, ó lè bàjẹ́ nígbàkigbà." Ìgbà tí mo bá sọ pé mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà jù nù, ó máa ń ní, "Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ni kò gbà. Ó pè mí, ó ní ẹ̀rọ kì í dákẹ́ kó tún jí fúnra rẹ̀ láìsí ìdí. Ó ní ilẹ̀kùn kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, káàdì kan wà nínú ibẹ̀, gbogbo àwòrán tí kámẹ́rà bá yà ló ń kó sórí káàdì náà, ìbáà sí nẹ́tíwọ̀kì, ìbáà má sí. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo lọ gbé ẹ̀rọ náà kúrò lórí dẹ́kì Àlájà nígbà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, mo ki káàdì náà bọ kọ̀ǹpútà ilé ìwé.

Ẹ̀rọ náà kò dákẹ́ rárá. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ló ti ń ya sánmà, sánmà náà sì dúdú láti apá Orílẹ̀-Òwu, ó ń nípọn sí i nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Aago méje, ó ṣú. Aago méje ààbọ̀, ó ṣú dẹ̀dẹ̀. Ní aago mẹ́jọ, kì í ṣe sánmà ni mo rí.

Ojú Àlájà ni mo rí. Ó tóbi, ó kún gbogbo àwòrán náà, nítorí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà. Gèlè wòlímà wà lórí rẹ̀. Kò wo kámẹ́rà. Ìsàlẹ̀ ló ń wò, níbi tí síìmù wà, ó fi eyín di ètè rẹ̀ mú bí ẹni tó ń tú okùn tó ta kókó.

Lẹ́yìn ìyẹn, sánmà tún ni: dúdú, dúdú, ẹ̀kán òjò lójú kámẹ́rà, kánọ́pì tó ń fò. Síìmù ti kúrò, kò sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni títí ó fi dá a padà nírọ̀lẹ́. Mo wá ṣí àwòrán sánmà mímọ́ tó wà lórí péèjì lọ́jọ́ náà. Ẹyẹ lékèélékèé kan ń fò lọ ní igun rẹ̀ lápá òsì. Mo wá a láàárín àwọn àwòrán ọ̀sẹ̀ náà. Lékèélékèé yẹn fò kọjá lókè Àpòmù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àkọsílẹ̀ péèjì náà fi hàn pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àlájà fi ọwọ́ gbé àwòrán ọjọ́ Ìṣẹ́gun síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìkẹta sì jẹ́ nígbà tó ku díẹ̀ kí n kọ̀wé sí i pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ̀.

Aago lù, àwọn ọmọ wọ kíláàsì. Ẹnì kan wá pè mí. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń nu àwo. Mo ti kó àwòrán náà sínú fóònù mi, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"N kò mọ̀ pé ó ń yà á pamọ́," ó ní.

"Ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn?"

"Jókòó, jọ̀ọ́."

"N kò jókòó. Kí ló dé, Àlájà?"

Ó sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà fìdáù fún òkú ọkọ rẹ̀, òjò rọ̀, àga ṣófo, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ sì pè é ní ẹni tí kò ní èèyàn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bẹ̀rù àga òfìfo. Ó mọ̀ pé gbogbo Ìkirè, Ìkirè-Ilé, títí dé Orílẹ̀-Òwu ni wọ́n máa wo péèjì náà kí wọ́n tó wọṣọ. "Bí wọ́n bá rí sánmà yẹn, ta ni ìbá wá? Mo rò pé yóò kọjá ni. O mọ̀ pé òjò máa ń ṣú kó má rọ̀."

"Bàbá ńkọ́?"

"N kò ro ti bàbá. Walahi, n kò ro ti ẹnikẹ́ni."

"O bá mi kúnlẹ̀ níwájú wọn."

Ó tún mú àwo náà, ó ń nu ibi tó ti mọ́.

"O di ẹsẹ̀ wọn mú, o ní ẹ̀rọ ò lọ́kàn. Wọ́n ń pè mí ní òpùrọ́ ní gáréèjì, o sì ń gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi."

"Mo fẹ́ sọ fún ọ ní ọjọ́ tí o dé yẹn," ó ní. "Ìwọ lo yára gbà pé ẹ̀rọ ni. Mo ní bóyá Ọlọ́run ló fẹ́ bá mi bò ó."

Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí Ararọ̀mí, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó mi orí. "Kí n lọ tú ara mi síta? Lójú àna mi? O ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún ọ." Oníbàárà kan wọlé, ó béèrè abọ́ ìfọwọ́. Àlájà dìde, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó ń bá a yan abọ́. Mo dúró síbẹ̀ mo ń wo ẹ̀rín náà. Bó ṣe rẹ́rìn-ín sí mi náà nìyẹn nígbà tó gbé mọ́ínmọ́ín wá sí pálọ̀ mi. N kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lè jẹun dáadáa. Mo ro súùtánà tó bá mi lọ̀. Mo ro òru tí mo ń ké tó sì dìde jókòó tì mí. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ojú tó wà nínú àwòrán náà sì jẹ́ òótọ́. N kò rí bí mo ṣe lè fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀, mo dá lọ sí Ararọ̀mí. Mo sọ fún bàbá pé ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ènìyàn ló gbé àwòrán ọjọ́ mìíràn síbẹ̀, èmi ni mo sì fún onítọ̀hún láṣẹ láti wọlé. N kò dárúkọ.

"Ìyá tó bá yín wá yẹn ni," wọ́n ní. Wọn kò béèrè, wọ́n kàn sọ ọ́ ni.

Mo wo ilẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó bàjẹ́, mo ti gbà á," wọ́n ní. "Òyìnbó ló ṣe é, kò mọ̀ mí. Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí ló dùn mí ju kòkó lọ. Ẹ̀ bá má ti sọ ọ́ fún mi." Wọ́n pe ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n ní kó má wo péèjì yẹn mọ́. Wọn kò fún mi lómi.

Mo kọ ọ́ sórí péèjì náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbólóhùn mẹ́rin péré. Mo ní irọ́ ni mo pa nígbà tí mo ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ní ọwọ́ ènìyàn ni. Kò sí orúkọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹni tó ni dẹ́kì yẹn ní Àpòmù? Ọmọ Àlájà tó ṣílẹ̀kùn fún mi pè mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti ba ìyá mi lórúkọ jẹ́." Mo ní kó bá mi kí wọn.

Orí òpó táǹkì omi ilé ìwé wa ni mo gbé ẹ̀rọ náà sí báyìí. Kò ríran dáadáa níbẹ̀, igi dí i lápá kan. Àwọn tó ń wò ó kò tó ìdajì tàtijọ́. Mo ti yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà, n kò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n jẹ́ kí ẹnì kan nínú wọn mọ̀ ọ́n, nítorí àìsàn, nítorí ìrìn àjò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi kì í ṣí.

Mo pàdé Àlájà níbi ìsìnkú olùkọ́ wa àtijọ́ kan lẹ́yìn ọdún tuntun. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, òun tó fi oṣù mẹ́ta jù mí lọ, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

Láti ọjọ́ tí a ti mọ ara wa, kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo ní dáadáa ni, mo kí òun náà kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ń pín oúnjẹ na àwo ìrẹsì sí wa, Àlájà gbà á, ó gbé e fún mi, mo sì dúpẹ́.